Àpò Ewé Mẹ́ta: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Gírínì Tíì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Kubwa, l'Abuja, ọdún kẹwàá mi rèé nídìí tíì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí ọ̀kan nínú yín tó gbé omi híhó kúrò lórí iná, tó dà á lé ewé tí mo fọwọ́ ara mi yan, tó dé e, tó sì lọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tọ́ ọ wò, ó korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Inú bí mi, n kò ní purọ́. Lóru ọjọ́ yẹn ni mo pinnu láti kọ ẹ̀kọ́ mẹ́rin sílẹ̀ fún yín.

Èkíní, omi. Tíì mai shayi ni ojú yín mọ́: kẹ́tùlù tó ń hó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, atalẹ̀ àti kànáfùrù nínú rẹ̀, mílíìkì lórí. Tíì pupa lè fara da ìyẹn. Gírínì tíì, èyí tí a kò jẹ́ kí ewé rẹ̀ pọ́n, kò lè fara dà á. Omi tó wà láàárín 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì ló fẹ́, fún bí ìṣẹ́jú méjì. Bó bá gbóná jù, kíkorò ni yóò bo adùn mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí tẹmómítà, ẹ da omi híhó sínú kọ́ọ̀bù kan, ẹ tún dà á sí òmíràn, kí ẹ tó dà á sórí ewé.

Èkejì, ibi tí ewé ti hù. Òkè Mambilla ní Taraba ga ju 1,500 mítà lọ. Òtútù àti ìkúùkù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ewé sáré dàgbà. Nínú oòrùn púpọ̀ ni èròjà tó ń mú tíì dùn ti ń yí padà di èyí tó korò, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Jàpáánù fi ń ta ìbòjì bo igi tíì wọn tó dára jù fún bí 20 ọjọ́ kí wọ́n tó já a. Ọ̀mùnú kan àti ewé méjì tó tẹ̀ lé e là ń já. Ẹ má gba ewé tó ti le lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èkẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa.

Ọmọ oníkòkó ni mí, láti ẹ̀bá Ìdànrè. Níbi tí mo ti dàgbà, a máa ń kó kòkó jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, yóò máa gbóná fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí a tó sá a. Lójú tèmi, ohun tí a bò tó ń gbóná, dídára ló ń dára sí i. Ọgbọ́n yẹn ni mo gbé lọ sí Kakara, níbi tí wọ́n ti ń gbin tíì lórí òkè Mambilla.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Maitama ti ní kí n gbé kílò mẹ́wàá gírínì tíì wá. Bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún ewé tútù ló ń di ẹyọ kílò kan gbígbẹ, nítorí náà mo ra 60 kílò, àpò mẹ́ta. Agbada àti gáàsì mi wà ní Kubwa, mo ní ibẹ̀ ni n ó ti yan án. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń já ewé rí mi níbi tí mo ti ń fẹsẹ̀ ki ewé mọ́ inú àpò kó lè gbà. Ó ní, "Ganyen nan ba ya jira." Ewé yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo fèsì pé oko ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó fẹ́ là mí lóye ni mo dá lóhùn bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń dùn mí.

A sọ̀ kalẹ̀ láti Gembu, a gba Serti àti Bali. Lẹ́yìn Wukari ni mọ́tò dákú, a sùn sójú ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ki ọwọ́ bọ àárín àpò kan, mo sì yára fà á yọ: ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Òórùn èso tó ti ń kẹ̀ ló ń jáde níbẹ̀. Nígbà tí mo da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní ní Kubwa ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ewé ẹ̀gbẹ́ ṣì tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n ti àárín ti pọ́n bí kọ́bọ̀ àtijọ́. Ìsàlẹ̀ àpò kejì wá kún fún ewé líle tí ẹni tó tà á fún mi fi ewé rere bò lójú. Ó mọ̀ pé Abuja ni mò ń gbé e lọ, ó gbowó, kò sọ nǹkan kan. N kò tíì dárí jì í.

Ewé tí a já kò tíì kú, ó ń mí, mímí rẹ̀ sì ni ooru yẹn. Níbi tí ẹsẹ̀ mi ti tẹ̀ ẹ́ rún, omi ara rẹ̀ bá atẹ́gùn pàdé, ó sì ń pọ́n, bí iṣu tí a bẹ tí a kò rẹ sómi ṣe ń dúdú. Èròjà kan nínú ewé, tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáímù, ló ń fà á, iná ló sì ń pa á. Àwọn ará Jàpáánù ń fi ooru omi híhó pa á, kì í sábà tó ìṣẹ́jú méjì. Àwọn ará Ṣáínà ń fi agbada gbígbóná pa á, wọ́n ń fọwọ́ rò ó bí ẹni ń yan gàrí. Èyí ó wù kí ẹ yàn, iná gbọ́dọ̀ kan ewé lọ́jọ́ tí a já a. Ẹni tó ń ṣe tíì pupa ń fún ewé ní atẹ́gùn ní ìwọ̀n, ó mọ ìgbà tí yóò dá a dúró. Èmi kò ṣe tíì pupa, n kò sì ṣe gírínì tíì.

Mo sì tún yan án! Mo dì í, mo gbé e lọ sí Maitama. Ẹni tó gbà á da omi gbígbóná lé e lójú mi, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀ láì mu ún. Wọn kò pè mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Owó àjọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fi ra ewé yẹn, oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi san án.

Èkẹrin, ẹ̀yin náà ń wo fídíò, ẹ ń rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bi àwọn tó ń já ewé! Ẹ bi àwọn àgbà tó wà lórí òkè náà, kódà bí ẹ kò bá gbọ́ Hausa dáadáa.

Agbada mi ti wà ní Kakara báyìí. Ewé tó ti gbẹ ló ń wọ Abuja, nínú agolo tí a dé pinpin, jìnnà sí edé àti ata, torí tíì máa ń fa òórùn mọ́ra. Ọjọ́ Alámísì tó ń bọ̀ ni mò ń gòkè. Àyè ẹni méjì wà nínú ọkọ̀. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ mú súẹ́tà dání, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti máa ń dáná sábẹ́ agbada.