Kí Wọ́n Tó Ní Bátìrì Ńlá Prius Ti Kú, Ẹ Wo Kékeré Tó Wà Nínú Búùtù

Bátìrì méjì ló wà nínú Toyota Prius, ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnì epo àti iná bátìrì pa pọ̀. Nínú ti ọdún 2004 sí 2009 tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, ńlá wà lẹ́yìn àga ẹ̀yìn. Ó jẹ́ fóòtì 201.6, òun ló ń fún ẹ̀rọ oníná tó ń wa ọkọ̀ níná. Kékeré jẹ́ fóòtì 12, inú búùtù lápá ọ̀tún ló fara pamọ́ sí, lábẹ́ ike. Kékeré yìí ni ìwé Toyota ń pè ní auxiliary battery, ìyẹn bátìrì olùrànlọ́wọ́. Orúkọ yẹn máa ń tan èèyàn jẹ, nítorí bí olùrànlọ́wọ́ bá sùn, ọ̀gá kò lè dìde.

Tí ọkọ̀ bá wà ní pípa, iná bátìrì ńlá kò kan wáyà kankan lóde àpótí rẹ̀, nítorí ààbò. Àwọn ríléè (ìyẹn swíìṣì tí iná ń tì tó sì ń ṣí) tó ń so ó mọ́ wáyà wà nínú àpótí náà, iná fóòtì 12 ni wọ́n sì ń lò. Bí ẹ bá tẹ búréèkì tí ẹ sì tẹ POWER, bátìrì kékeré á jí àwọn kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á pàṣẹ fún ríléè, ìgbà náà ni bátìrì ńlá tó wọlé, tí ọ̀rọ̀ READY á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, pé ọkọ̀ ti ṣe tán láti rìn. Bátìrì ńlá ló ń yí ẹ́ńjìnì. Kò sí kíkì tó ń jí ẹ́ńjìnì, kò sí ọ́tánétọ̀ tó ń ṣáájì bátìrì. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ DC-DC converter ló ń bu iná lára ńlá, tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí nǹkan bíi fóòtì 14 láti fi ṣáájì kékeré.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Corolla, kíkì á kọ́kọ́ máa yí pẹ̀lú ìnira ní àárọ̀ ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ ó ti mọ̀ pé bátìrì ń lọ. Prius kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì kékeré lè ti gbó débi pé ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ló kù, kí ọkọ̀ sì máa dáhùn, títí di ọjọ́ tí kò ní dáhùn mọ́. Lọ́jọ́ náà, gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn, onígun mẹ́ta pupa á yọ, ọkọ̀ kò ní kúrò ní P, jíà ìgbọ́kọ̀dúró. Wọ́n á ki ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù bọ̀ ọ́, kóòdù á jáde rẹpẹtẹ, torí kọ̀ǹpútà tí iná rẹ̀ kò tó máa ń ráhùn nípa ohun gbogbo. Ẹnì kan á wá ní bátìrì ńlá ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. P0A80 ni kóòdù tó ń sọ pé ká pààrọ̀ bátìrì ńlá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ṣáájì kékeré dáadáa, ẹ pa àwọn kóòdù rẹ́, kí ẹ wá wo èwo ló padà wá.

Mítà olówó pọ́ọ́kú tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi mọ́jú, kí ẹ tó wọn orí bátìrì. Láàárín fóòtì 12.6 sí 12.8, ó kún. 12.2, ó ti dé ìdajì. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ 11.8, ó ti gbẹ. Àmọ́ bátìrì tó ti gbó lè fi 12.5 hàn yín, kó má sì ní agbára kankan nínú. Nítorí náà, ẹ tẹ POWER lẹ́ẹ̀mejì láìtẹ búréèkì, ẹ tan iná iwájú, kí ẹ máa wo mítà fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá já wá sí ìsàlẹ̀ 11.5, ó ti parí iṣẹ́. Ẹ wá pa á, kí ẹ tẹ búréèkì kí READY tàn, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n: ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bó bá ṣì ń pe 12, bátìrì kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ wo DC-DC converter àti fíúsì rẹ̀.

Ohun tó ń yára pa á jù ni kéèyàn jókòó sínú ọkọ̀ kó máa gbọ́ rédíò láìjẹ́ kí READY tàn. Láìsí READY, DC-DC kò ṣiṣẹ́, bátìrì kékeré nìkan ló ń gbé gbogbo ẹrù, ẹrù náà sì lè ju ámpù 10 lọ. Èkejì ni ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ lọ ìrìn àjò. Bí ọkọ̀ tó sùn bá ń fa ámpù 0.05 péré, 1.2Ah (Ah ni ámpù lọ́nà iye wákàtí) nìyẹn lójúmọ́, 12Ah ní ọjọ́ mẹ́wàá. Bátìrì tuntun tó jẹ́ 45Ah kò ní mọ̀ ọ́n lára. Èyí tó ti gbó, tí kò lè di ju 15Ah mú mọ́, ó tán nìyẹn. Bátìrì tó bá sì pẹ́ ní gbígbẹ, iyọ̀ òjé inú rẹ̀ á le, kò ní gba ṣáájì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ooru ilẹ̀ wa tún ń fi kún un.

Bó bá kú, búùtù kò ní ṣí, torí iná ló ń ṣí i. Ẹ fa kọ́kọ́rọ́ irin jáde nínú rìmóòtù, ẹ fi ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Orí kan wà nínú àpótí fíúsì lábẹ́ ìdérí pupa: pọ́sítíìfù nìyẹn. Ẹ so nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ irin ara ẹ́ńjìnì tí kò ní ọ̀dà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, torí bí ẹ bá so ó sódì, fíúsì ńlá á jó, convertà sì lè bá a lọ. Kò dìgbà tí ẹ bá rí bátìrì jíìpù. Kọ̀ǹpútà lásán la fẹ́ jí, bátìrì kékeré inú UPS (àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà ilé níná bí iná bá lọ) pàápàá lè ṣe é. Ẹ má ṣe fi Prius jí ọkọ̀ ẹlòmíì o, kíkì ọkọ̀ yẹn lè fa iná ju ohun tí DC-DC lè gbà lọ. Nígbà tí READY bá ti tàn, ẹ yọ wáyà, kí ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, níta gbangba, nítorí ẹ́ńjìnì á máa tan ara rẹ̀ kó tún máa kú. Ṣájà ámpù 3 tàbí 4 mọ́jú ló dáa jù.

Ní ti títún rà, AGM (bátìrì tí omi rẹ̀ kì í dà) ni kí ẹ béèrè, èyí tó ní ojú tí ọ̀pá èéfín ń wọ̀. Inú ibi tí èèyàn ń jókòó sí ni bátìrì yìí wà. Gáàsì tó lè gbiná ló ń tú jáde, ọ̀pá yẹn ló sì ń gbé e gba abẹ́ ọkọ̀ jáde. Bátìrì olómi tí kò ní ọ̀pá, tí àwọn kan ń fipá tì síbẹ̀, ewu ni fún àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn. Orí rẹ̀ tún tín-ín-rín ju ti bátìrì ọjà lọ. Bí wọ́n bá ti fi òòlù fẹ kílámùpù kó lè wọ èyí tó tóbi, kò ní di orí kékeré mú mọ́.

Sípánà 10 ló ń tú u. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ gbé rìmóòtù jìnnà, kí ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn kankan, torí iná bátìrì ńlá ló ń gbé. Nẹ́gẹ́tíìfù ló ń kọ́kọ́ jáde, pọ́sítíìfù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà irin tó dì í mú àti ọ̀pá èéfín. Tí ẹ bá ń dá a padà, nẹ́gẹ́tíìfù ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ má ti búùtù títí ẹ ó fi so ó tán. Bí gíláàsì awakọ̀ kò bá gòkè fúnra rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà, kò bàjẹ́: ẹ rọ̀ ọ́ sí ìdajì, ẹ fa bọ́tìnnì rẹ̀ sókè títí á fi tì, kí ẹ ṣì dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan sí i.