Àmì ¶ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi han ọmọ nínú Word

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 1 ní kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ wo ohun tí ọmọ máa ń ṣe bí kò bá sẹ́ni tó tọ́ ọ sọ́nà. Á tẹ Enter ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń ṣe nínú ìwé. Bó bá fẹ́ kí àkọlé bọ́ sí àárín, á máa lu spacebar títí tó fi máa débẹ̀. Ó dùn ún wò. Àmọ́ ẹ sọ lẹ́tà 12 di 14, gbogbo ìlà á rí ségesège, àkọlé á sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ Ctrl, Shift àti 8 pọ̀ ṣáájú ohunkóhun. Enter kọ̀ọ̀kan á yọ bíi ¶, àyè kọ̀ọ̀kan á yọ bí àmì tóótòòtó, Tab á yọ bí ọfà. Ẹ wá ní kí wọ́n tẹ gbólóhùn mẹ́rin nípa Ọjà Ọba, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Enter títí ìpínrọ̀ yóò fi parí. Word fúnra rẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìlà tó kàn. Ctrl àti E ló ń mú àkọlé wá sáàárín, Ctrl àti L ló ń dá a padà sósì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ Ctrl àti S, kí wọ́n sì sọ fáìlì lórúkọ, kí wọ́n tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan, nítorí iná. Ìṣẹ́jú 10 ni AutoRecover, tó ń bá wa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀, fi ń dúró. Ẹ lọ sí File, Options, Save, kí ẹ dín in kù sí 2.

Èdè wa gan-an ni wọ́n máa ń fò. "Àkúrẹ́" tó fún ìdánwò. Fún À, ọmọ á di Ctrl mú, á tẹ ` tó wà lábẹ́ Esc, á fọwọ́ sílẹ̀, á wá tẹ A pẹ̀lú Shift. Fún ú, Ctrl àti ' ni, lẹ́yìn náà u. Ti ẹ́ yàtọ̀: á tẹ 1EB9, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ lẹ́tà náà, á di Alt mú, á tẹ X, ẹ á jáde, á tẹ 0301, Alt àti X lẹ́ẹ̀kan sí i, àmì òkè á bọ́ sórí rẹ̀. 0300 ni àmì ìsàlẹ̀, 1ECD ni ọ, 1E63 ni ṣ. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri.

Orúkọ bíi Bọ́lá máa ń dà á rú. Lẹ́tà A dé F wà lára nọ́ńbà irú èyí, nítorí náà Word á ka B mọ́ 1ECD, ohun tó yẹ kò ní jáde. Kí ọmọ yan 1ECD nìkan kó tó tẹ Alt àti X.

Ìlà pupa tí Word fi ń sọ pé sípẹ́lì kò tọ̀nà tún ń bẹ lábẹ́ orúkọ wọn. Ọmọ mìíràn á torí rẹ̀ yí orúkọ bàbá rẹ̀ padà! Word tún máa ń sọ "mo rí i" di "mo rí I". Ẹ yan gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ lọ sí Review, Language, Set Proofing Language, ẹ mú Yoruba, kí ẹ sì fàmì sí ibi tó ní kó má yẹ sípẹ́lì wò.

Bó bá di pé ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní business centre, ẹ yẹ Layout, Size wò pé A4 ni, 21 sí 29.7 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi PDF pamọ́ pẹ̀lú, nítorí tí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ò bá ní irú lẹ́tà tí ọmọ lò, àmì ohùn lè yẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀.