Ibo ló yẹ kí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ mọ?

Àwọn kan ní kí ìjọba ṣe gbogbo nǹkan, àwọn míì ní kó má ṣe nǹkan kan rárá, èmi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ìlú kan ò lè dá ṣe láéláé: ṣíṣọ́ ẹnubodè, owó tí gbogbo èèyàn ń ná, kọ́ọ̀tù tó máa dájọ́ tí ìpínlẹ̀ méjì bá ń jà sódò kan náà. Ṣọ̀pọ̀nná tí wọ́n kéde lọ́dún 1980 pé ó ti tán láyé ńkọ́, ṣé ìlú kan ló dá lé e lọ ni? Kí wọ́n gba owó orí fún irú iṣẹ́ yẹn, mi ò ní bá wọn jà.

Àmọ́ ohun tí mo gbà gbọ́, ohun tí mo bá kọ, ẹni tí mo bá fẹ́, kò kan ìjọba rárá.

Ibi tẹ́rù ti ń bà mí jù ni tí wọ́n bá ti ní ọ̀rọ̀ di pàjáwìrì. Ẹ wo Jámánì lọ́dún 1933. Ilé aṣòfin wọn jóná ní February 27, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì ìjọba ti gbé òfin jáde, ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, láti ṣèpàdé, àti pé kí wọ́n má kàn já wọlé onílé, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbé tì. Ní March 23 wọ́n ní káwọn aṣòfin wá dìbò pé kí Hitler àtàwọn mínísítà ẹ̀ máa ṣòfin fúnra wọn, àwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ Nazi sì wà nínú gbọ̀ngàn níbi tí wọ́n ti ń dìbò, wọ́n ti ti àwọn aṣòfin kan mọ́lé ṣáájú, síbẹ̀ èèyàn 94 ṣì dìde pé àwọn ò gbà. Mo máa ń rántí àwọn 94 yẹn gan-an. Ọdún 4 ni wọ́n kọ sínú òfin náà o! Ọdún 4 pé, wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un, torí àwọn tó yẹ kó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n ti kó gbogbo wọn kúrò níbẹ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn òfin tí wọ́n ṣe lápá ìwọ̀-oòrùn Jámánì lọ́dún 1949, ó ní kódà kí gbogbo aṣòfin panu pọ̀, wọn ò lè fọwọ́ kan iyì ọmọ èèyàn, wọn ò sì lè pa àwọn ìpínlẹ̀ rẹ́ kí gbogbo agbára wá dọwọ́ àwọn tó wà lókè.

Torí náà, kí wọ́n kàn kọ ọjọ́ tó máa parí sínú òfin pàjáwìrì ò tó. Ẹni tí wọ́n bá fi mú gbọ́dọ̀ tètè dé iwájú adájọ́ tí ìjọba ò lè lé lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì sọ ẹ̀sùn ẹ̀ síta lójú gbogbo èèyàn.