Kọ̀ǹpútà Géèmù Tó Ti Ń Dàgbà: Ibi Tówó Ń Gbà Lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Manchester

Dell OptiPlex 7010 tí àwọn ọ́fíìsì ìlú Ọba ti kó jáde tipẹ́ ni wọ́n ń tà ní tòkunbọ̀ nílé: ẹ̀rọ ọdún 2012, ọpọlọ i5-3470 nínú, ìrántí RAM 4GB, háàdì dísìkì 500GB. Ẹni tó fẹ́ fi gbá géèmù, tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò pọ̀, lè sọ ọ́ di nǹkan gidi nílùú méjèèjì. Ohun téèyàn máa kọ́kọ́ rà ni kò jọra. Ní Manchester, káàdì gíráfíìsì ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè rà á lẹ́ẹ̀mejì, torí iná ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná níhìn-ín ní Manchester ò ju ìṣirò lọ. Ẹ̀rọ yìí pẹ̀lú káàdì kékeré àti mọ́nítọ̀ máa ń jẹ tó wáàtì 180 téèyàn bá ń gbá géèmù. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ pẹ́nì 26, wákàtí kan jẹ́ bíi pẹ́nì 5. Ó tán.

Nílé, ìgbà tí iná bá lọ kọ́ ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù, ìgbà tó bá dé ni. Fìríìjì, fáànù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ní gbogbo àdúgbò á jọ jí lẹ́ẹ̀kan náà, iná á máa lọ sókè sódò, ohun tó bá wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa fara gbá a. Bó bá ti lọ, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára ògiri; bó bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 3 kẹ́ ẹ tó tan án. Ẹ ra stabilizer 1000VA, kẹ́ ẹ sì so UPS 650VA (àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ) mọ́ ọn. Ẹ má retí kí UPS gbé géèmù o. Bátìrì 12V 7Ah kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ìyẹn 84Wh lórí ìwé, bátìrì léèdì kì í sì í yọ gbogbo ohun tó ní bí wọ́n bá fà á kíákíá. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni: ó tó láti fi pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ, kò tó láti fi parí ìdíje. Ẹni tó ní inverter tó ń lo bátìrì 12V 200Ah lè rí bíi wákàtí 5 tí ò bá lò ju ìdajì bátìrì náà lọ. Kó ṣáà rí i pé pure sine wave ni, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti ògiri. Àwọn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí páwà pákì ìgbàlódé kùn hùn-ún, tàbí kó kú lójijì bí géèmù bá ṣe ń le.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ wá kù. Èyí tó bá ti ìlú Ọba wá ò ní ìyọnu: iná wọn bá tiwa mu, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni púlọ́ọ̀gì wọn náà ní. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá ni kẹ́ ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá kọ 100-240V sára páwà pákì rẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ rí, tó wà lórí 115, ẹ fi orí sukudíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ tì í sí 230 kẹ́ ẹ tó kì í bọ ògiri. Lórí 115, páwà pákì máa ń sọ iná tó wọlé di ìlọ́po méjì kó tó lò ó. Bí 230 bá gba ojú ọ̀nà yẹn, kàpásítọ̀ ńlá méjì tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún 200V ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á rí ohun tó lé ní 300V. Á dún pàó, èéfín á yọ, òórùn rẹ̀ á sì wà nínú yàrá di ọjọ́ kejì.

Bó bá ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ tán, ibẹ̀ ni ìlú méjèèjì ti ń ya ara wọn. Ní Manchester, owó iṣẹ́ ẹni tó máa tú u lè ju owó páwà pákì tuntun lọ, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ dà á nù. Nílé, ẹnjiníà tó ní ayọ́ọ̀nù àti léèdì á jókòó tì í, á yọ kàpásítọ̀ méjì lára ẹ̀rọ mìíràn tó ti kú, á sì jó o mọ́ ọn. Ọjà ló wọ́n lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ọwọ́ ò wọ́n. Tiwa níhìn-ín, òdìkejì ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi di ẹnjiníà tipátipá.

RAM kò le. DDR3 ni ẹ̀rọ yìí ń lò. Ẹ ra 8GB méjì tó jọra, torí ẹyọ kan ṣoṣo á máa fa géèmù sẹ́yìn. Kẹ́ ẹ ka lẹ́tà tó kẹ́yìn lára rẹ̀: PC3-12800U lẹ̀ ń wá. Èyí tó bá parí sí R, ti sáfà (server) ni. Á wọ ihò náà rẹ́gí, á sì pọ́ọ́kú ju tòótọ́ lọ, àmọ́ ẹ̀rọ ò ní gbé àwòrán kankan jáde. SSD 480GB, tó yára ju háàdì dísìkì lọ, ló kàn. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ 1TB sí lára tí inú rẹ̀ ò ju 32GB lọ. Ètò kan tó ń jẹ́ H2testw á kọ nǹkan kún un títí, á sì sọ òótọ́ rẹ̀.

Ó wá kan káàdì gíráfíìsì. Páwà pákì 7010 yìí kò ju wáàtì 275 lọ, kò sì ní wáyà fún káàdì, wáàtì 75 sì ni ihò káàdì lè gbé. GTX 1050 Ti tàbí GTX 1650 tí kò ní ihò wáyà lórí ló bá a mu. RX 580 tó ń jẹ wáàtì 185 máa ń dùn ún wò lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi wáyà àsopọ̀ fà á láti ibi tí háàdì dísìkì ti ń mu iná ń wá wáyà tó máa yọ́ ni. Bó bá sì jẹ́ 7010 pẹlẹbẹ lẹ ní, káàdì kúkúrú nìkan ló ń wọ̀ ọ́.

Ní Manchester, ẹni tó bá ra káàdì lọ́wọ́ ilé ìtajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, àti ọjọ́ 30 láti gba owó rẹ̀ tó bá lábùkù. Òfin 2013 àti ti 2015 ló sọ bẹ́ẹ̀. (Ẹni tó rà á lọ́wọ́ aládàáni ò sí lábẹ́ ààbò yìí.) Nílé, àbùkù tẹ́ ò bá rí lórí tábìlì ọlọ́jà ti di tiyín. Fóònù àti láàpùtọ́ọ̀pù ló pọ̀ ní Tákíè àti lápá Under G tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH wà. Káàdì gíráfíìsì sábà máa ń gbé èèyàn dé Ìbàdàn, bíi kìlómítà 100, tàbí Computer Village ní Ìkẹjà. Ta ló fẹ́ padà lọ síbẹ̀ torí káàdì tó kú?

Torí náà, ẹ mú fláàṣì tí GPU-Z (ètò tó ń sọ irú káàdì tó jẹ́) àti FurMark (èyí tó ń fún káàdì níṣẹ́ gidi) wà lórí rẹ̀ dání. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu káàdì náà. 1050 Ti gidi kì í ní ihò VGA aláwọ̀ búlúù, ti mọ́nítọ̀ àtijọ́. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fura. Lẹ́yìn náà: “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tan án fún ìṣẹ́jú 15.” Ọlọ́jà tó mọ ohun tó ń tà máa fa àga fún yín. Lórí 1050 Ti, GPU-Z gbọ́dọ̀ ka shader (àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ya àwòrán) 768. Bó bá ka 192, GTX 550 Ti àtijọ́ ni wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà. Ẹ wá tan FurMark, kẹ́ ẹ máa wo bí ooru rẹ̀ ṣe ń gun òkè. Bí àwòrán bá ń já wẹ́wẹ́ tàbí tí ojú mọ́nítọ̀ bá ṣú lójijì, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ dìde.

Eruku ọyẹ́ ń ṣe nílé ohun tí kápẹ́ẹ̀tì ń ṣe níhìn-ín, ó kàn yára jù ni. Ẹ fi ìka di fáànù mú kẹ́ ẹ tó fẹ́ atẹ́gùn sí i, torí bó bá ń sáré lódìlódì, ó lè ba ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi òwú àti sípíríìtì nu pésìtì tó ń gbé ooru kúrò, tó ti gan, kúrò lórí i5, kẹ́ ẹ sì kán òmíràn tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ sí àárín rẹ̀.

Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025, Windows 11 ò sì gba i5 yìí. Linux Mint (ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows) pẹ̀lú Steam (ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì) á gbé ọ̀pọ̀ géèmù, àyàfi àwọn bíi Valorant àti Fortnite tí wọ́n ò gba Linux láàyè. Géèmù kan lè tó 100GB. Níhìn-ín, a ó fi í sílẹ̀ kó máa wọlé, ká lọ sùn. Nílé, dátà rẹ̀ lè gbé owó RAM lọ. Kí ẹnì kan wà á sílẹ̀, kí àwọn yòókù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nípasẹ̀ Steam lórí ráútà kan náà. Láti 2023 ni èyí ti ṣeé ṣe, kì í sì í jẹ dátà.

Àwa tá à ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé, káàdì, RAM àti SSD ló yẹ kó wà nínú báàgì tá a gbé lọ́wọ́, nínú ọ̀rá antistatic tí wọ́n fi ń dì wọ́n. Bátìrì UPS, Ògbómọ̀ṣọ́ ni kẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ sì fi mítà wọ̀n ọ́ níwájú ọlọ́jà. Bí kò bá tó 12.4V, ẹ jẹ́ kó mú òmíràn.