Kì í ṣe POP ló ń so eegun

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé POP, ìyẹn ẹfun líle tí wọ́n fi ń di eegun nílé ìwòsàn, tàbí igi teguntegun ló ń so eegun tó kán pọ̀. Rárá o. Iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju kó mú eegun dúró sójú kan lọ. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìyókù.

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dì sójú ibi tó kán. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, kerekere, tó jọ èyí tó wà létí wa, á ti bò ó, àmọ́ kò tíì lè gbé èèyàn dúró. Ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kó tó gan di eegun, á wá ṣù bíi kókó. Kókó yìí ò ní kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń gbẹ́ eegun, àwọn mìíràn ń rẹ́ tuntun síbẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ògiri, títí kókó náà á fi relẹ̀, bó tilẹ̀ gba ọdún. Eegun tí ò kán pàápàá, wọn ò yé gbẹ́ ẹ: gbígbẹ́ ojú kan á gba bí ọ̀sẹ̀ 3, dídí i á gba oṣù 3 sí 4.

Ibi tí ẹrù bá ti ń tẹ eegun ni wọ́n ti ń rẹ́ ẹ nípọn. Julius Wolff, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1892. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ní kí ẹ máa fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó bá yá.

Ojúgun wà lára àwọn tó ń pẹ́ jù. Kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́ran tí ẹ̀jẹ̀ máa gbà débẹ̀, pàápàá nísàlẹ̀; ó lè gba oṣù 4, nígbà tí apá ti jinná ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Sìgá tún ń dín ẹ̀jẹ̀ náà kù.

Ohun tó ń ba ẹsẹ̀ jẹ́ jù ni dídè tó fún pinpin. Ẹsẹ̀ ṣì ń wú lọ́jọ́ 2 sí 3 àkọ́kọ́. Tí igi ò bá fàyè sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní ríbi kọjá. Ẹ tẹ èékánná ìka ẹsẹ̀ náà títí á fi funfun, kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2. Bí kò bá padà, tí ìka tutù tàbí tó kú tìpìrì, tàbí tí ìrora ń le sí i bẹ́ ẹ ṣe rọra na ìka, ẹ tú igi náà lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Tó bá jẹ́ POP ni, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n là á fún yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru. Wákàtí mélòó kan péré ni ẹran ara fi ń kú.