Láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ti gbogbo ilé

Ọjọ́ Sátidé ni àbúrò mi pè mí láti Alékúwodò, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, Photoshop ti lé mi jáde o!" Mo ní kí lo ṣe. Àṣé ó ti wọlé sí Photoshop yẹn, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, ó tún wọlé sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ṣẹ́, ó wá lọ fi password ẹ̀ sórí ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà, nítorí inú rere. Ọmọ yìí!

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe yé mi. Adobe, iléeṣẹ́ tó ni Photoshop, ò ní ká má install ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tó pọ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà 2 péré lèèyàn lè wọlé sí lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ máa lo méjèèjì papọ̀. Ẹni kan ṣoṣo ló sì ni láísẹ́ǹsì (àṣẹ láti lò ó) náà, ọ̀rẹ́ ò sí níbẹ̀ rárá. Tí láptọ́ọ̀pù bá bàjẹ́ tàbí olè gbé e lọ, wọlé sí account rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, àyè á ṣí.

Ti AutoCAD, ètò tí wọ́n fi ń ya pláànù lórí kọ̀ǹpútà, ló tún le jù. Ọ̀fẹ́ ni Autodesk tó ṣe é ń fún akẹ́kọ̀ọ́, ọdún 1, o lè tún un ṣe tó o bá ṣì wà nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ní ká fi ṣe, tó o bá fi ya pláànù ilé fún alhájì kan ní Ògo-Olúwa tó o sì gbowó ẹ̀, o ti rú àdéhùn nìyẹn (mo mọ àwọn tó ń ṣe é, mi ò ní dárúkọ).

Àbúrò mi ti yọ ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kúrò. Ọ̀rẹ́ ti ń bínú.