Ẹni tó gbé páńpù oògùn kọ́ ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe olóko nìkan

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin oyin l'Abẹ́òkúta àti lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí.

Wọ́n fi oògùn kòkòrò pa oyin mi. Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn. Oko ẹ̀wà kan ló bá ibi tí mo gbé ilé oyin mi sí lẹ́bàá Òṣíẹ̀lẹ̀ pààlà, èèyàn dáadáa ni bàbá tó ni ín, mo ti lọ bá wọn kí wọ́n tó gbin ẹ̀wà rárá, mo ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fín oògùn, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fín in, kẹ́ ẹ sì pè mí sórí fóònù, wọ́n ní kò sí wàhálà. Àmọ́ bàbá kì í fín oògùn fúnra wọn. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń sanwó fún ló ń bá wọn fín in, ẹnikẹ́ni ò sì sọ nǹkan kan fún un, ó kàn jí lọ sóko kí oòrùn tó mú, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin náà mọ òdòdó ẹ̀wà, ìdájí ló ń ṣí, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti padé, àsìkò tí oyin wà lórí ẹ̀ gan-an lọmọ náà ń da oògùn lé e.

Nígbà tí mo dé ìdí ilé oyin, ilẹ̀ ti dúdú. Mo kọ́kọ́ rò pé ìjàlọ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, òkú oyin ni, ó lọ láti abẹ́ ilé oyin títí dé ìdí igi kajú, ahọ́n wọn yọ síta, ṣebí wọ́n kọ́ wa pé tá a bá rí òkú oyin tí ahọ́n ẹ̀ yọ báyẹn, ká fura sí oògùn. Àwọn tí ò tíì kú ń gbọ̀n, wọ́n ń yí po lójú kan, tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fò wọ́n á tún dojú bolẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́kún ni pé àwọn kan ṣì ń ti oko bọ̀, ìyẹ̀fun òdòdó wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ò jẹ́ kí wọ́n wọlé, wọ́n ń bá wọn jà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kú sí. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oyin lọ́rùn, nínú ooru yẹn, mi ò lè dìde. Nígbà tí mo ṣí ilé náà, ayaba ṣì wà láàyè, ó ń rìn lórí afárá, ọmọ kún inú ihò afárá, àwọn tó máa bọ́ wọn ò tó nǹkan mọ́.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ oyin ń lò látinú ẹyin kó tó jáde, ó tún máa ṣiṣẹ́ inú ilé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sóko. Ẹ wá wò ó, àwọn tó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó bá jẹ́ ẹyin tí ayaba ṣẹ̀ṣẹ̀ yé la máa dúró dè, ó tó nǹkan bí oṣù kan àtààbọ̀ kí ẹlòmíràn tó lè dípò wọn. Kó tó dìgbà yẹn, kòkòrò dúdú kékeré tó máa ń wọ ilé oyin ti wọlé, ó yé ẹyin, ìdin ẹ̀ ba oyin inú afárá jẹ́, ó kan, ó ń ṣàn jáde. Lẹ́yìn náà ni ìdin tó ń jẹ ìda ta òwú bo afárá. Ẹni tó bá débẹ̀ nígbà yẹn á ní kòkòrò ló pa wọ́n. Kòkòrò kọ́ o. Tí oyin bá pọ̀ tí ara wọn sì le, àwọn fúnra wọn ló ń lé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé ilé oyin kúrò níbẹ̀. Kí n gbé e lọ síbo? Oyin lè fò ju kìlómítà 3 lọ tó bá ń wá oúnjẹ, ibo ló wà lágbègbè wa tí ò ní oko láàárín kìlómítà 3? Àwọn mìíràn ní kí n dí ẹnu ọ̀nà wọn mọ́lé. Ó ṣeé ṣe tí wọ́n bá sọ fún yín ṣáájú, ẹ dí i lálẹ́, ẹ fi àpò tó tutù bo orí ẹ̀, àmọ́ tó bá pẹ́ nínú oòrùn tiwa yìí, ooru nìkan á pa wọ́n. Ẹ ẹ̀ sì lè dí i tẹ́nì kan ò bá pè yín.

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn: ẹ wá ẹni tó ń fín oògùn gan-an rí. Olóko kan á gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, oko ẹ̀ nìkan ló mọ. Ẹni tó ń gbé páńpù, oko bàbá yìí lónìí, oko ìyá yẹn lọ́la, tó bá gbọ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ nìyẹn. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ oyin bẹ̀rẹ̀. Èmi, nígbà tí mo rí ọmọkùnrin yẹn, ìlera ara ẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, pé kó bo imú, kó má dojú kọ afẹ́fẹ́, kó fọwọ́ kó tó jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ló jókòó tì mí, tí mo sọ fún un pé ẹ̀gúsí àti wọtamẹ́lọ̀n tó ń bá wọn fín, tí oyin ò bá gbé ìyẹ̀fun láti òdòdó akọ lọ sí ti abo, wọn ò ní so dáadáa. Ó ní ẹnì kan ò sọ ìyẹn fún òun rí. Ó ti ń fín in nírọ̀lẹ́ báyìí, ó sì ń pè mí, òun, kì í ṣe bàbá. Mo tún sọ pé tí òdòdó bá ti ṣí, kó má fín in láàárọ̀, mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́, mò ń tún un sọ ni.

Ilé tó ṣófo yẹn, mo jó afárá tó kan oògùn, mo fọ̀ ọ́, mo fi ìda tuntun pa inú ẹ̀, agbo mìíràn ti wọlé fúnra wọn. Mo fi kọ́ńdẹ́mù ọ́ìlì sí ẹsẹ̀ ẹ̀ nítorí èèrà, mo gbé omi sí tòsí. Ìyẹn ti tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ ní Olódó, mò ń bọ̀. Àwọn tó ń fín oògùn ni kẹ́ ẹ bá mi pè, màá bá wọn san owó mọ́tò, ẹ ní kí wọ́n gbé páńpù wọn dání.